Oró Ọ̀tọ̀, Ewu Ọ̀tọ̀: Bí A Ṣe Ń Wọn Oògùn Kòkòrò Kó Tó Pa Ènìyàn

Ọ̀rọ̀ ìlera àti ọ̀rọ̀ ọjà ni a fẹ́ sọ pọ̀ lónìí, nítorí ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò yìí, inú oko ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ó ń gba ọjà kọjá, inú ìkòkò oúnjẹ ló sì ń parí sí.

Ìbéèrè kan náà ni ẹgbẹ́ mélòó kan bi wá: "Oògùn tí wọ́n ń tà fún wa láti fín sí oko yìí, ṣé ó léwu àbí kò léwu?" Bí a bá bi àwọn ènìyàn nínú abúlé, ìdáhùn méjì la máa ń gbọ́. Àwọn kan á ní, "Ọdún kẹwàá rèé tí mo ti ń fín in, kò ṣe mí ní nǹkan kan." Àwọn mìíràn á ní, "Gbogbo oògùn òyìnbó ni májèlé." Ẹ má bínú o, kò sí èyí tó dáhùn ìbéèrè náà nínú méjèèjì. Ẹni àkọ́kọ́ kò wọn nǹkan kan. Ẹni kejì náà kò wọn nǹkan kan.

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni láti máa wọn oró. Ìmọ̀ wọn ni àwọn elédè Faransé ń pè ní toxicologie, àwa lè pè é ní ìmọ̀ májèlé. Ẹ̀kọ́ wa tòní ni bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ibi tí ìwọ̀n wọn dé, àti ibi tí kò dé. Kí ẹni tó ń kàwé fún ẹgbẹ́ dúró díẹ̀ ní òpin abala kọ̀ọ̀kan, kí ẹ lè sọ̀rọ̀ sí i.

1. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Borgou

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orílẹ̀-èdè wa níbí. Ní ọdún 1999, kòkòrò mùkúlú tó ń lu èso òwú ti mọ́ àwọn oògùn àtijọ́ lára, wọn kò pa á mọ́. Ni wọ́n bá gbé oògùn mìíràn tó ń jẹ́ endosulfan fún àwọn àgbẹ̀ olówùú ní àríwá Benin. Ní àkókò òwú 1999 sí 2000 yẹn, ní agbègbè Borgou nìkan, iye tí ìjọba kà ni pé ó kéré tán ènìyàn 37 ló kú, àwọn 36 mìíràn sì ṣàìsàn gidigidi.

Ọ̀kan nínú ìṣẹ̀lẹ̀ wọ̀nyí wà ní àkọsílẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 1999, ní abúlé Maregourou, àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 12 sí 14 lọ ro oko òwú bàbá wọn. Àgbàdo wà láàárín òwú náà, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe máa ń gbìn ín. Bàbá ti fín endosulfan sí oko náà ní ọjọ́ tó ṣáájú, àwọn ọmọ kò mọ̀. Nígbà tí ebi pa wọ́n, wọ́n ya àgbàdo díẹ̀, wọ́n jẹ ẹ́. Kò ju bíi ìṣẹ́jú 15 lọ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Wọ́n gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ní Bembèrèkè. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ ọdún 12, kú.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Bàbá yẹn kì í ṣe òṣìkà. Òwú ló fín in sí, òwú náà ni wọ́n sì tà á fún un pé kó fín in sí. Oògùn náà kì í ṣe ayédèrú, àwọn onímọ̀ ti dán an wò, wọ́n ti kọ ìpele ewu rẹ̀ sílẹ̀. Níbo wá ni ọ̀rọ̀ ti wọ́? Ìbéèrè yìí ni ká mú dání títí tí a ó fi parí.

2. Oró ọ̀tọ̀, ewu ọ̀tọ̀

Paramọ́lẹ̀ tó wà nínú àpótí onírin, tí a ti kọ́kọ́rọ́ sí, oró wà lẹ́nu rẹ̀. Paramọ́lẹ̀ kan náà tó dùbúlẹ̀ sí ojú ọ̀nà odò ní òru, oró kan náà ló wà lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ewu méjèèjì kò dọ́gba, àbí? Oró ni agbára tí nǹkan ní láti ṣe wá ní ibi. Ewu ni bí ó ṣe ṣeé ṣe tó pé ibi náà yóò dé bá wa. Kí ewu tó wà, oró gbọ́dọ̀ wà, ó sì gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà kàn wá lára.

Nítorí náà, nígbà tí onímọ̀ májèlé bá gbé oògùn kan kalẹ̀, ìbéèrè méjì ló ń béèrè. Àkọ́kọ́: oró wo ló wà nínú rẹ̀? Ìkejì: mélòó nínú rẹ̀ ni yóò wọ ara ènìyàn, ibo ni yóò gbà wọlé, yóò sì tó ìgbà mélòó?

Dókítà kan tó ń jẹ́ Paracelsus ti sọ ọ́ ní ọdún 1538, nílẹ̀ Yúróòpù, pé kò sí ohun tí kò ní oró, ìwọ̀n nìkan ló ń sọ nǹkan di májèlé. Ẹ̀yin ìyá mọ èyí nínú ilé ìdáná: iyọ̀ díẹ̀ ń mú ọbẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n bí ọmọ ọwọ́ bá gbé ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀ mì, ó lè pa á. Ìwọ̀n ni ohun gbogbo.

Ẹnu ọ̀nà mẹ́ta ni oògùn ń gbà wọ ara: ẹnu, imú, àti awọ ara. Àwa máa ń ṣọ́ ẹnu, a ń ṣọ́ imú díẹ̀, a sì ń gbàgbé awọ. Bẹ́ẹ̀, fún ẹni tó ń fín oògùn, awọ ni ẹnu ọ̀nà tó tóbi jù. Kì í ṣe gbogbo awọ ló sì nípọn bákan náà. Awọ ojú àti awọ abẹ́ ọkùnrin ń gba oògùn wọlé ju awọ apá lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Ẹ wá wo ẹni tí pọ́mpù rẹ̀ ń jò sí i lẹ́yìn, tí oògùn ń ṣàn gba ìdí wọ inú ṣòkòtò, tó sì ń sọ pé òun kò mu oògùn. Ó ti ń mu ún láti àárọ̀.

3. Bí wọ́n ṣe ń dán an wò

Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fún ènìyàn ní májèlé láti mọ bó ṣe ń ṣe. Nítorí náà ẹranko ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, eku funfun ló sì pọ̀ jù nínú wọn.

Ìdánwò kan wà tí J. W. Trevan gbé kalẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1927. Wọ́n á pín àwọn eku sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́, wọ́n á fún ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tirẹ̀, láti kékeré dé ńlá. Wọ́n á wá wo ìwọ̀n tó pa ìdajì nínú wọn. Iye yẹn ni wọ́n ń kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí mílígráàmù oògùn fún kílò kọ̀ọ̀kan ara ẹranko. Gíráàmù kan ni a pín sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún kí a tó rí mílígráàmù kan. Bí iye náà bá ṣe kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni oró ṣe le tó.

Ti endosulfan, iye náà jẹ́ 80. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀ pọ̀, kí olùkọ́ tó wà láàárín yín kọ ọ́ sójú pátákó. Ká ní bídọ̀n kan wà tí wọ́n kọ 350 g/l sí lára. Ìyẹn ni pé oró tó wà nínú lítà kan jẹ́ gíráàmù 350. Nínú mílílítà kan, mílígráàmù 350 ló wà. Ọmọdé tó wọn kílò 12 ńkọ́? 12 lọ́nà 80 jẹ́ 960. Tí a bá pín 960 sí 350, kò pé mílílítà 3. Ṣíbí tíì kan gba mílílítà 5. Ẹ rí i pé ohun tó lé díẹ̀ ní ìlàjì ṣíbí tíì ni. Ti eku sì ni ìṣirò yẹn o. Ènìyàn lè kú pẹ̀lú ohun tó kéré sí i.

Ẹni tó bá ń fi ìdérí bídọ̀n wọn oògùn, tó sì ń gbé ìdérí náà sílẹ̀ lẹ́bàá ibi tí ọmọ ń ṣeré, ẹ jẹ́ kí ó rántí ìlàjì ṣíbí tíì yìí.

4. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún

Kì í ṣe ikú nìkan ni wọ́n ń wá. Wọ́n tún máa ń fi oògùn díẹ̀ díẹ̀ sínú oúnjẹ eku lójoojúmọ́, fún oṣù mẹ́ta, nígbà mìíràn fún ọdún méjì. Wọ́n á máa wo ẹ̀dọ̀ wọn, kíndìnrín wọn, ọpọlọ wọn, oyún wọn àti àwọn ọmọ tí wọ́n bí. Wọ́n ń wá ìwọ̀n tó pọ̀ jù lọ tí kò tíì ṣe eku náà ní ibi kankan.

Bí wọ́n bá ti rí i, wọn kì í sọ pé, "Ó dáa, kí ènìyàn náà máa jẹ iye yẹn." Wọ́n á pín in sí ọ̀nà 10, nítorí ènìyàn kì í ṣe eku, ara wa lè má lè gba ohun tí ara eku gbà. Wọ́n á tún pín èyí tó kù sí ọ̀nà 10, nítorí ènìyàn kò dọ́gba: àgbàlagbà wà, aláboyún wà, ọmọ ọwọ́ wà, aláìsàn wà. 10 lọ́nà 10 jẹ́ 100. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń gbà pé ènìyàn lè máa jẹ lójoojúmọ́ ayé rẹ̀. Àwọn àjọ àgbáyé méjì, FAO tó ń bójú tó oúnjẹ àti OMS tó ń bójú tó ìlera, ní ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tó ń ṣe ìṣirò yìí fún oògùn tí a ń lò sí ohun jíjẹ.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan wò ó, kì í ṣe ti oògùn kan pàtó. Bí mílígráàmù 10 fún kílò kan kò bá ṣe eku ní nǹkan kan, a pín in sí 100, ó ku ìdá kan nínú mẹ́wàá mílígráàmù. Ẹni tó wọn kílò 60 lè jẹ mílígráàmù 6 lójúmọ́. Ọmọ tó wọn kílò 10, mílígráàmù 1 péré ni tirẹ̀. Ṣùgbọ́n inú àwo kan náà ni bàbá àti ọmọ ti ń jẹ ẹ̀wà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọmọ ló ń kọ́kọ́ ṣubú.

5. Àwọ̀ tó wà lára bídọ̀n

OMS ti fi ìdánwò eku yìí pín àwọn oògùn sí ìpele ìpele. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ bídọ̀n, ẹ ó rí ọ̀já aláwọ̀ kan. Ẹni tí kò mọ̀wé náà lè mọ àwọ̀.

Pupa: oró rẹ̀ le jọjọ. Ẹ má mú un wá sílé rárá. Dichlorvos tí àwọn kan ń ta nínú ìgò kékeré láti fi pa ẹ̀fọn àti aáyán wà ní ìpele yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgò tí wọ́n ń dà á sí lọ́jà kì í sábà ní àwọ̀ kankan.

Òféèfèé bí ẹyin adìẹ (jaune ni àwọn ọmọ ilé ìwé ń pè é): oró rẹ̀ wà ní àárín.

Búlúù: oró rẹ̀ kò tó ti àwọn méjì àkọ́kọ́.

Ewéko, ìyẹn vert: bí a bá lò ó bí wọ́n ṣe ní ká lò ó, kò wọ́pọ̀ kí ó tètè ṣe ènìyàn ní ibi.

Bí ìgò tàbí ọ̀rá kò bá ní ìwé lára, tí kò ní àwọ̀, tí a kàn dà á láti inú bídọ̀n ńlá, ẹ mú un bíi pupa. Ohun tí a kò mọ orúkọ rẹ̀, dókítà náà kò ní mọ bí yóò ṣe wò ó.

6. Ibi tí ìdánwò kò dé

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a padà sí Maregourou. Ẹ̀yin tí ẹ ń ro ó pé endosulfan yóò jẹ́ aláwọ̀ pupa, ẹ gbọ́ o: ìpele kejì ni OMS fi í sí, ìyẹn ti àárín, aláwọ̀ ẹyin. Oògùn "àárín" ló pa ènìyàn 37.

Ṣé àwọn onímọ̀ purọ́ ni? Rárá. Wọ́n wọn oró. Ṣùgbọ́n ewu kì í ṣe oró nìkan, a ti sọ ọ́. Ìdánwò náà ni a ṣe pẹ̀lú oògùn kan ṣoṣo, fún eku tí ara rẹ̀ le, nínú ilé tí ohun gbogbo wà létòlétò. Àwọn nǹkan wọ̀nyí kò sí nínú rẹ̀:

Kò sí àgbàdo láàárín òwú níbẹ̀. Nínú ìwé, oko òwú ni oko òwú. Nínú oko wa, oúnjẹ wà níbẹ̀, ẹ̀fọ́ wà níbẹ̀, ọmọ sì wà níbẹ̀.

Kò sí oòrùn ọ̀sán wa níbẹ̀. Ìwé bídọ̀n sọ pé kí a wọ ìbọ̀wọ́, bàtà gígùn, ìbòmú àti aṣọ tó bo gbogbo ara. Ta ló lè wọ gbogbo ìyẹn nínú ooru yìí láti aago mẹ́wàá dé aago méjì, kódà bí owó rẹ̀ bá wà?

Kò sí àdàlù níbẹ̀. Àwa máa ń da oògùn méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ nínú pọ́mpù kan nítorí a fẹ́ kí ó le. Kò sí ẹni tó wọn àdàlù yẹn fún wa.

Kò sí ẹni tí kò mọ̀wé Faransé níbẹ̀, kò sì sí bídọ̀n òfìfo tí a fi ń pọn omi.

Paraquat tún jẹ́ àpẹẹrẹ. Oògùn koríko ni. Ìpele kejì náà ló wà. Ṣùgbọ́n ẹnu kan péré nínú ògidì rẹ̀ lè pa àgbàlagbà, ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ díẹ̀ díẹ̀, kò sì sí oògùn tó ń pa oró rẹ̀. Yúróòpù ti fòfin dè é láti ọdún 2007.

Nítorí náà ìdáhùn wa rèé: ọ̀rọ̀ wọ́ níbi tí oró inú ìwé ti pàdé ìgbé ayé tí ìwé kò mọ̀. Ikú àwọn ènìyàn, àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn àti ẹnu àwọn àgbẹ̀ ló fi ewu náà hàn. Ìyẹn náà jẹ́ ara ìmọ̀ májèlé. Ní ọdún 2011, àwọn orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí Àdéhùn Stockholm, tí Benin wà lára wọn, fi endosulfan kún àwọn oògùn tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ pa tì. Bí ẹnìkan bá ṣàìsàn lẹ́yìn tó fín oògùn ní abúlé yín, tí ẹ kò sọ fún ilé ìwòsàn, ẹ ti gbé ẹ̀rí kan sin.

7. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà

Oró kan wà tó ń pa lójú ẹsẹ̀. Òmíràn wà tó ń rìn jẹ́jẹ́. Ẹni tó sọ pé ọdún kẹwàá rèé tí òun ti ń fín oògùn, ti àkọ́kọ́ ló ń sọ. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì kì í fi ara hàn bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo òjé. Ní ọdún 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara ní àríwá Nàìjíríà, àwọn ènìyàn ń lọ òkúta nínú agbo ilé láti wá wúrà. Òjé wà nínú òkúta náà. Eruku rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, àwọn ọmọ ń rá nínú rẹ̀, wọ́n ń fi ọwọ́ kan ẹnu. Ó lé ní 400 ọmọ tó kú, ọ̀pọ̀ sì ni ọpọlọ rẹ̀ bàjẹ́. Òjé kò ní ìwọ̀n kankan tí a mọ̀ pé kò léwu fún ọmọdé, OMS ló sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn tìróò kan tí wọ́n ń tà ní ọjà wa, òkúta òjé ni wọ́n lọ̀. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má fi tìróò lé ojú ọmọ ọwọ́.

Ọ̀rọ̀ tó ń rìn jẹ́jẹ́ yìí ló sì máa ń mú kí àwọn onímọ̀ fúnra wọn jiyàn. Glyphosate, oògùn koríko tí gbogbo wa mọ̀, rèé. Ní 2015, àjọ OMS tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ ní ìlú Lyon sọ pé ó ṣeé ṣe kí ó fa jẹjẹrẹ. Ní ọdún kan náà, àwọn onímọ̀ oúnjẹ ti Yúróòpù sọ pé kò jọ bẹ́ẹ̀. Ṣé ọ̀kan ń tan wá ni? Apá kan nínú àríyànjiyàn náà ni ẹ̀kọ́ wa àkọ́kọ́: àwọn ti Lyon ń wo oró, bóyá paramọ́lẹ̀ ní eyín. Àwọn kejì ń wo ewu pẹ̀lú, bóyá yóò pàdé wa lọ́nà, ní ìwọ̀n tó tó. Nígbà tí àwọn tó ń wọ̀n ọ́n bá ṣì ń jiyàn, ọlọ́gbọ́n á dín bí ó ṣe ń kàn án lára kù.

8. Ọ̀rọ̀ ọjà: ẹ̀wà tí kòkòrò kò jẹ

Ìyá oníṣòwò kan béèrè pé: "Bí mi ò bá fi oògùn sí ẹ̀wà, kòkòrò á jẹ ẹ́ di ìyẹ̀fun kí ó tó wọ́n. Kí ni kí n ṣe?" Ìyá, ìbéèrè owó ni, ó sì tọ̀nà. Ẹ̀wà tí a tà nígbà ìkórè kì í mú owó wá bí èyí tí a pa mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò wa wò ó. Oògùn òwú ni a wọ̀n fún òwú, kì í ṣe fún ẹ̀wà. Bí a bá dà á sí ẹ̀wà, gbogbo rẹ̀ ló ń gba ẹnu wọlé. Sísè àti ṣíṣan kò lè mú gbogbo rẹ̀ kúrò. Òórùn náà kò sì tó láti fi mọ̀ ọ́n, nítorí oògùn lè ṣẹ́ kù nígbà tí òórùn ti lọ. Ẹ má ṣe fi oògùn òwú tàbí dichlorvos sí ohun jíjẹ láé.

Ọ̀nà kan wà tí kò lo oògùn rárá. Àpò onípele mẹ́ta ni: ọ̀rá méjì nínú, àpò híhun lóde. Ẹ sá ẹ̀wà kí ó gbẹ dáadáa, títí yóò fi máa ró pẹ́kẹ́ lẹ́nu bí a bá gé e jẹ. Ẹ dà á sínú ọ̀rá àkọ́kọ́, ẹ tẹ afẹ́fẹ́ jáde, ẹ so ó pinpin. Ẹ so ọ̀rá kejì, ẹ so àpò ìta. Kòkòrò tó wà nínú rẹ̀ á mí gbogbo afẹ́fẹ́ tó kù tán, á sì kú. Ẹ má tú u wò láàárín oṣù méjì àkọ́kọ́. Kí eku má sì lu ọ̀rá náà, nítorí ihò kan péré á ba iṣẹ́ jẹ́. Bídọ̀n òróró tó mọ́, tí a kún dé ẹnu tí a sì dé pinpin, ń ṣe iṣẹ́ kan náà fún ẹ̀wà ilé. Bídọ̀n tó ti gbé oògùn rí kò gbọ́dọ̀ gbé oúnjẹ tàbí omi mọ́, bó ti wù kí a fọ̀ ọ́ tó.

Fún ẹ̀yin tó ń fín tòmátì àti ẹ̀fọ́: iye ọjọ́ kan wà lára ìwé bídọ̀n tí a gbọ́dọ̀ dúró kí a tó ká a. Délai avant récolte ni wọ́n ń kọ. Ẹ ní kí ọmọ ilé ìwé kà á fún yín. Bí ó bá kọ ọjọ́ 14, tí ẹ ká a ní ọjọ́ kẹta nítorí ọjà dé, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún tí a ṣe ìṣirò rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹni tó ń rà á lọ́wọ́ yín kò ní mọ̀.

9. Bí oògùn bá mú ènìyàn

Àwọn àmì rẹ̀ nìwọ̀nyí: orí fífọ́, òòyì, èébì, inú rírun, itọ́ àti òógùn tó ń dà gan-an, ojú tó ń ṣú, èémí tó ń há, ara tó ń gbọ̀n, gìrì.

Ẹ tètè gbé e kúrò nínú oko, ẹ bọ́ gbogbo aṣọ rẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ wẹ̀ ẹ́. Bí ó bá ta sí i lójú, ẹ máa da omi tó mọ́ sí i fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ̀yin tó ń wẹ̀ ẹ́, ẹ bo ọwọ́ yín.

Ẹ má fipá mú un bì. Ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má sì fún un ní mílíìkì. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà wa máa ń fi epo pa oró, kì í ṣe pé mo ń tàbùkù wọn. Ṣùgbọ́n oògùn bí endosulfan ń yọ́ nínú ọ̀rá, epo tètè máa ń gbé e wọ inú ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá sì bì, ó lè fà á sínú ẹ̀dọ̀fóró. Bí kò bá mọ nǹkan mọ́, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu.

Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì mú bídọ̀n náà tàbí ìwé ara rẹ̀ dání. Oògùn tó ń gba ẹni kan là lè má wúlò fún ẹlòmíràn. Orúkọ tó wà lára bídọ̀n ni dókítà yóò fi mọ èyí tí yóò fún un.

10. Ìbéèrè fún ẹgbẹ́

Ẹ jókòó sí àwọn ìbéèrè yìí, ẹ má kánjú.

Ní ìlú yín, oògùn wo ni ẹ ń lò ní oko? Kí ẹnìkọ̀ọ̀kan sọ àwọ̀ ọ̀já tó wà lára tirẹ̀. Mélòó ni kò ní ìwé lára?

Ta ló ń sọ fún àwọn ọmọ àti àwọn aládùúgbò pé a ti fín oògùn sí oko? Àmì wo ni abúlé yín lè gbà láti máa fi sí ẹnu ọ̀nà oko, bíi aṣọ pupa tàbí màrìwò, tí ọmọdé pàápàá yóò mọ̀, ọjọ́ mélòó ni yóò sì wà níbẹ̀?

Níbo ni ẹ ń kó bídọ̀n òfìfo sí?

Àwọn ìyá tó ń ta ẹ̀wà, ṣé wọ́n lè dá owó jọ ra àpò onípele mẹ́ta, kí wọ́n sì jọ sọ fún oníbàárà pé ẹ̀wà wọn kò ní oògùn?

Kí akọ̀wé kọ èsì sílẹ̀, kí ó fi ránṣẹ́ sí wa ní rédíò. Èyí tó jẹ́ ti àmì ẹnu ọ̀nà oko ni a ó kà ní ètò tó ń bọ̀, kí abúlé kan lè kọ́gbọ́n lára èkejì, kí ọmọ tí ebi pa nínú oko lè mọ̀ kí ó tó na ọwọ́ sí àgbàdo.

Kí oúnjẹ wa má pa wá o.